Ipò Kìíní Tí Mo Fi Irọ́ Gbà

Ẹ má bínú pé mi ò ní kọ orúkọ mi síbí. Ìtìjú ni, kì í ṣe ìgbéraga. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ti wà nínú mi láti ìgbà tí mo ti jáde nílé-ẹ̀kọ́ gíga, ó sì ti lé lọ́dún mẹ́wàá. Mi ò sọ ọ́ fún ìyá mi. Mi ò sọ ọ́ fún ọkọ mi. Mo rò pé màá gbé e lọ sọ́run ni.

Ṣùgbọ́n wọ́n ti pè mí sí ìpàdé ẹbí kan lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Wọ́n fẹ́ kí n wá jẹ́rìí lórí ọ̀rọ̀ kan tí mo sọ nígbà náà. Irọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, èmi nìkan ni mo sì mọ̀ pé irọ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé òpin kí ẹ tó bú mi.

Ọmọ Japara ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni mí. Bàbá mi ń ṣe bíríkìlà, ó sì jẹ́ àgbà nínú ìjọ aláṣọ funfun kan ládùúgbò wa. Bàámi ò kàwé kọjá ìwé mẹ́fà. Nígbà tí mo wọlé sílé-ẹ̀kọ́ gíga tí mi ò ní dárúkọ, tí mo sì gba yàrá sí Àgọ́-Ìwòyè, kò sẹ́ni tí kò gbọ́ ní Japara. Tí mo bá wálé, ohun kan ṣoṣo ni Bàámi máa ń béèrè: "Ipò kelòó lo ṣe?" Kò bi mí rí pé kí ni mò ń kọ́ níbẹ̀.

Ipò kejì ni mo máa ń ṣe. Ṣàkírátù ló ń ṣe ìkíní.

Inú yàrá kan náà ni èmi àti Ṣàkírátù ń gbé. Ọmọ Ìwopin ni, létí omi lápá Wọ́tásáìdì, ọmọ Mùsùlùmí. Ìmọ̀ nípa oúnjẹ ni àwa méjèèjì ń kọ́. Èmi á máa ki ẹsẹ̀ bọ omi tútù kí oorun má baà gbé mi lọ nídìí ìwé, òun á ti máa hanrun lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Tí èsì ìdánwò bá wá jáde, òun ló máa wà lókè. Ẹ ò rí i pé ó lè dun ènìyàn?

Mi ò kórìíra rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́ lórí èyí. Nígbà tí ibà dá mi gúnlẹ̀ lọ́dún kejì, Ṣàkírátù ló fọ aṣọ mi, òun ló fún mi lẹ́kọ mu. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ mo fẹ́ ipò yẹn jù ú lọ.

Ní ìkórè ọdún tí a fẹ́ jáde, Bàámi dìde nínú ìjọ, ó gba makirofóònù. Ó ní òun jẹ́jẹ̀ẹ́ níwájú Ọlọ́run pé tí ọmọ òun bá ṣe ipò kìíní jáde, òun á mọ pẹpẹ tuntun fún ìjọ láìgba kọ́bọ̀. Gbogbo ìjọ pariwo halelúyà. Èmi tẹjú mọ́lẹ̀. Ọ̀nà òfuurufú ni Bàámi gbà lọ bá Ọlọ́run, kò mọ̀ pé Ṣàkírátù wà lójú ọ̀nà.

Èmi ni olórí kíláàsì wa. Ẹni tó bá ti ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí mò ń wí. Olùkọ́ kì í wá akẹ́kọ̀ọ́ kiri. Tí wọ́n bá yí ọjọ́ ìdánwò padà, tí wọ́n bá sún kíláàsì síwájú, olórí kíláàsì ni wọ́n máa pè, òun ló máa sọ fún gbogbo ayé. Ohun tí olórí kíláàsì kò bá sọ, ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ọ.

Ó ku ìdánwò kan ṣoṣo fún wa, èyí tí a máa ń fọwọ́ ṣe nínú láàbù, nígbà tí ìbátan Ṣàkírátù kan fi mọ́tò wá mú un pé bàbá rẹ̀ ti kú. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n máa sin ín, bí àwọn Mùsùlùmí ṣe ń ṣe. Ó kó aṣọ méjì sínú láílọ́ọ̀nù. Fóònù tirẹ̀ ti bàjẹ́ láti bí ọ̀sẹ̀ méjì, ló bá mú ìwé mi kan nílẹ̀, ó kọ nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n náà ni Bọ̀dá Mudaṣírù, tó ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé èrò àti ẹja.

Ó ní, "Tí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀, pe Bọ̀dá. Ìwẹ ni mo fọkàn tán."

A ṣe ìdánwò náà láìsí i níbẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, olórí ẹ̀ka wa ránṣẹ́ pè mí. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni. Ó ní òun ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Ṣàkírátù, kí n sọ fún un pé kó wá ṣe tirẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Ó ní tí Ọjọ́bọ̀ bá ti kọjá, òun á ti fi máàkì ránṣẹ́, kò ní sí ohun tí òun lè ṣe mọ́.

Mo ní, "Mo ti gbọ́, mà."

Mo délé, mo mú ìwé náà jáde. Mo tẹ nọ́ńbà mẹ́rin nínú rẹ̀, mo dúró. Mo ní kí n kọ́kọ́ jẹun. Mo jẹun tán, mo ní bóyá wọ́n ṣì ń sunkún lọ́wọ́, kí n jẹ́ kí wọ́n sinmi ná. Lọ́jọ́ kejì mo ní kò sí kírẹ́díìtì lórí fóònù mi, bẹ́ẹ̀ mo ra búrẹ́dì àti mílíìkì lọ́jọ́ náà. Ẹ wo bí ènìyàn ṣe ń tan ara rẹ̀. Ọjọ́rú lọ. Nígbà tí aago mẹ́sàn-án lù ní Ọjọ́bọ̀, orí bẹ́ẹ̀dì ni mo wà, mò ń wo àjà.

Mi ò ní sọ pé èṣù ló tì mí. Èmi ni mo ṣe é. Mo fẹ́ kí aago mẹ́sàn-án kọjá.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ ni Ṣàkírátù padà dé. Ó ti rù. Mo tẹ̀ lé e lọ sí ọ́fíìsì olórí ẹ̀ka, mò ń ṣe bí ọ̀rẹ́ tó fẹ́ ran ọ̀rẹ́ lọ́wọ́. Ìyá náà wò ó tàánú-tàánú, ó ní, "Mo retí ẹ títí ní Ọjọ́bọ̀. Ṣé olórí kíláàsì yín ò sọ fún ẹ ni?"

Àwọn méjèèjì yíjú sí mi.

Mo pe Ọlọ́run lẹ́rìí, mi ò múra irọ́ kankan sílẹ̀. Ẹnu mi kàn là ni. Mo ní, "Mo pè, mà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gbé e. Mo sọ ọjọ́, mo sọ aago, wọ́n ní àwọn á sọ fún un."

Ṣàkírátù gbà mí gbọ́ lójú ẹsẹ̀. Ó kàn ní, "Bọ̀dá kẹ̀?" Nígbà tí a jáde, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní kọ́rídọ̀, kò sunkún. Mo jókòó tì í. Mo tilẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ mi yìí náà ni o.

Báyìí ni Ṣàkírátù ṣe dúró ọdún kan sí i nítorí ìdánwò kan ṣoṣo, tí èmi sì ṣe ipò kìíní jáde. Bàámi jó títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. Wọ́n ta òróró sí mi lórí nínú ìjọ, wọ́n ní kí n jẹ́rìí. Mo gba makirofóònù, mo sọ fún ìjọ pé Ọlọ́run ló ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ibẹ̀ ń bà mí lẹ́rù ju gbogbo rẹ̀ lọ. Bàámi mọ pẹpẹ náà, ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nídìí rẹ̀. Ó fi férémù kọ́ lẹ́tà ipò kìíní mi sára ògiri pálọ̀. Àlejò kì í mu omi nílé wa títí dòní kí wọ́n tó ní kó kà á.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí ipò kìíní náà ṣe fún mi.

Mo kọ́kọ́ gbé e lọ sí ilé búrẹ́dì kan. Oníbúrẹ́dì gba ẹ̀dà lẹ́tà náà, ó gbé ìgò mínírà rẹ̀ lé e lórí kí fáànù má baà fẹ́ ẹ lọ, ó ní, "Ṣé o lè fẹsẹ̀ dúró láti àárọ̀ dalẹ́?" Ọ̀hún ni mo ti gbọ́ ìbéèrè tí wọn ò kọ́ wa. Mo tún lọ síbìkan ní Ìjẹ̀bú-Òde, a jẹ́ mẹ́fà tí wọ́n fẹ́ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Mẹ́ta nínú wa ló ṣe ipò kìíní níbi tí wọ́n ti wá! A wo ara wa bí ìyàwó mẹ́ta tí ọkọ wọn sọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan pé òun ni ààyò. Ẹni tí wọ́n mú níbẹ̀ ò sí nínú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà tó yá, mo gba iṣẹ́ tíṣà nílé-ìwé aládàáni kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ọ̀gá ibẹ̀ ò béèrè ipò kankan. Ohun tó bi mí ni pé ṣé mo lè mú kí ọmọ ogójì dákẹ́.

Ṣàkírátù ńkọ́? Ìdánwò kan ló ní í ṣe ní gbogbo ọdún yẹn, ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀. Ó lọ bá àwọn ìyá tó ń yan gàrí ní Ilaporu, tí kò jìnnà sí ilé-ẹ̀kọ́ wa, ó ń bá wọn bó ẹ̀gẹ́, ó ń bá wọn yan án. Ibẹ̀ ló ti mọ iṣẹ́. Lónìí, ó ní ilé-iṣẹ́ gàrí tirẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀, gàrí rẹ̀ ń lọ sí ibi tí èmi ò dé rí.

Nígbà tí ilé-ìwé tí mo wà kógbá sílé, òun ló pè mí. Ó gbé abọ́ gàrí mẹ́ta síwájú mi, ó ní kí n tọ́ ọ wò, kí n sọ èyí tó lo ọjọ́ mẹ́ta lábẹ́ òkúta àti èyí tó lo márùn-ún. Mo tọ́ ọ wò. Gbogbo rẹ̀ kan. Mi ò mọ ọ̀kankan.

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìwẹ kẹ̀! Ìwẹ tó ṣe ipò kìíní!"

Kò sí ẹ̀gàn nínú ẹ̀rín náà, ìyẹn ló jẹ́ kó dùn mí. Ó gbà mí síṣẹ́, ó sì kọ́ mi. Ọdún kẹfà rèé tí mò ń bójú tó gàrí tó ń kan níbẹ̀. Imú lásán ni mo fi ń mọ ọjọ́ rẹ̀ báyìí.

Tipẹ́tipẹ́ ni mo ti ń fi èyí tu ara mi nínú. Mo máa ń sọ lọ́kàn mi pé ohun tí mo jí kò níye lórí, ẹni tí mo sì jí i lọ́wọ́ rẹ̀ ti di ọ̀gá mi. Ta ló wá ṣòfò? Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rò pé èmi ni mo ṣe é lóore.

Ohun kan wà tí mi ò kà sí rárá. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, wọ́n máa ń gbé páálí ẹja gbígbẹ wá fún Ṣàkírátù láti Ìwopin, okùn ni wọ́n fi ń dì í. Kì í tú u. Á kàn tì í sọ́dọ̀ mi, á ní, "Gbé e lọlé, èmi ò jẹ ẹ́." Mo rò pé ara rẹ̀ ni kò gba ẹja. Èmi ń gbé e lọ tayọ̀tayọ̀. Ẹja náà máa ń dára, àwọn ọmọ mi á máa jà sí orí rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Ṣàkírátù sọ fún mi pé òun ti rí ọkọ. Mo fò mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní lemọ́ọ̀mù ti sọ pé nítorí bàbá òun ti kú, Bọ̀dá Mudaṣírù ni walí òun, ìyẹn ni pé òun ló máa fà á lé ọkọ lọ́wọ́. Ó ní òun ò gbà. Ó ní òun á kúkú wà láìlọ́kọ.

Mo ní, "Ha! Kí ló ṣe ẹ́?"

Ó wò mí bí ẹni pé orí mi dàrú. Ó ní, "Ìwẹ ló ń bi mí? Ṣé kì í ṣe ìwẹ lo pè é ni?"

Kò yé mi lójú ẹsẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò parọ́, mo ti gbàgbé ojú ọ̀nà tí irọ́ mi gbà lọ. Ó wá tẹnu bọ̀rọ̀. Ó ní láti ọ̀sẹ̀ tí a kúrò ní ọ́fíìsì olórí ẹ̀ka, òun ò bá ẹ̀gbọ́n òun sọ̀rọ̀ mọ́. Kò tíì bá a sọ̀rọ̀ láti ọdún tó ti lé ní mẹ́wàá yìí! Ó ní nígbà tí òun délé lọ bi Bọ̀dá, Bọ̀dá kọ́kọ́ sọ pé ẹnikẹ́ni ò pe òun. Ni Ṣàkírátù bá sọ fún un pé, "Ọ̀rẹ́ mi kì í parọ́." Bọ̀dá di orí mú. Ó ní ọ̀pọ̀ ènìyàn ló pe òun lọ́sẹ̀ náà láti kí òun kú ìrọ́jú, ojú òun ò sì kan oorun. Ó ní, "Bóyá ó pè lóòótọ́. Bóyá mo gbàgbé ni. Foríjì mí."

Ṣàkírátù ní àtìgbà náà ló ti ń bẹ òun. Ó ní ẹja tí mò ń rí yẹn, òun ló ń fi ránṣẹ́.

Mo fọwọ́ di tábìlì mú. Ẹja! Ẹja tí mò ń fi se ọbẹ̀ ní gbogbo ọdún wọ̀nyí! Ẹ̀bẹ̀ ọkùnrin kan ni èmi àti àwọn ọmọ mi ń jẹ, tí a ń tu egungun rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́.

Ẹ gbọ́ mi, ẹ jọ̀ọ́. Mi ò pe ọkùnrin yẹn rí láyé mi. Kò sí ohun tó gbàgbé. Ó jókòó, ó tú inú ara rẹ̀ yẹ̀bẹ̀yẹ̀bẹ̀, ó sì fara mọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí kò ṣẹ̀, nítorí pé àbúrò rẹ̀ ní ọ̀rẹ́ òun kì í parọ́. Mi ò tíì rí irú nǹkan báyìí rí. Mo rò pé ọdún kan ni mo jí. Mi ò mọ̀ pé mo jí ẹ̀gbọ́n mọ́ ọn.

Níbi tí mo dúró sí yẹn ni ìyá wọn pè lórí fóònù. Ṣàkírátù gbé e sí gbangba kí èmi náà lè gbọ́. Màmá ní ìpàdé ẹbí máa wà lọ́jọ́ Àìkú ní Ìwopin, kí n má ṣàìwá. Ó ní, "Ọmọ mi, jọ̀ọ́. Wá sọ ọ̀rọ̀ tí ìwẹ àti Mudaṣírù jọ sọ lọ́jọ́ náà, kí àghan méjèèjì gbọ́. Ó ní òun ò rántí. Bóyá tó bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ, á rántí, á lè bẹ̀bẹ̀ bó ṣe yẹ."

Mo ní, "Ẹ ṣeun, Màmá. Màá wá." Bẹ́ẹ̀ ni mo wí. Ẹnu yìí kan náà.

Láàárọ̀ àná, páálí ẹja mìíràn dé. Ó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí ìgbéyàwó. Orúkọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń pè é ni wọ́n fi bírò kọ sí i lára: "Sàkí, jọ̀ọ́." Ṣàkírátù tì í sọ́dọ̀ mi láìwò ó. Ó wà lórí tábìlì níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ọmọ mi obìnrin ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì pé ìgbà wo la máa sè é.

Nígbà tí mi ò lè jókòó mọ́ lọ́sàn-án àná, mo gun ọ̀kadà lọ sí Japara. Bàámi ò ju ìwé mi kankan nù, ó ní ìwé ẹni tó ṣe ipò kìíní kì í ṣe ohun tí a fi ń di àkàrà. Mo bá ìwé náà nínú àpótí lábẹ́ férémù. Nọ́ńbà náà wà lẹ́yìn rẹ̀, bírò aláwọ̀ búlúù, ọwọ́ Ṣàkírátù.

Mo dúró lábẹ́ lẹ́tà mi, mo tẹ̀ ẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi rèé tí mo tẹ nọ́ńbà náà tán. Mo ti dá ara mi lójú pé kò ní lọ, ta ló ń lo nọ́ńbà kan pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Ó dún lẹ́ẹ̀kan, wọ́n gbé e. Mo gbọ́ ariwo ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi. Ohùn ọkùnrin kan ní, "Ta rèé?"

Ó tún béèrè. Mo gbọ́ tó pa ẹ́ńjìnnì náà, gbogbo ibẹ̀ pa rọ́rọ́. Ó wá rọra ní, "Sàkí? Sàkí, ìwẹ ni?"

Mo gé e.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe ohun tó ń tì yín lójú rí. Mi ò ní parọ́ lọ́jọ́ Àìkú, ìyẹn ti parí lọ́kàn mi, bí iṣẹ́ bá bọ́ kó bọ́, bí Bàámi bá máa sọ férémù rẹ̀ kalẹ̀ kó sọ̀ ọ́. Ohun tí mi ò mọ̀ ni ẹni tí màá kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún nínú wọn, ẹni tí mo gba ọdún kan lọ́wọ́ rẹ̀ ni, tàbí ẹni tí mo gba àbúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣé kí n sọ fún Ṣàkírátù níkọ̀kọ̀ kó tó di ọjọ́ náà? Àbí kí n sọ ọ́ níwájú gbogbo ẹbí, kí àwọn tó ti bú ọkùnrin yẹn láti ọjọ́ yìí wá lè fi etí ara wọn gbọ́ pé kò ṣe nǹkan kan?

Ẹ tètè dá mi lóhùn. Láti àná, ó ti pè padà lẹ́ẹ̀mẹrin, mi ò gbé e. Ó rò pé àbúrò òun ni.